Gíláídà tí kò lójú ní Montague

Láti ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2008, àwọn tó ń darí gíláídà kéékèèké láti ilẹ̀ kóra jọ sí Montague, ìlú kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fún ìdíje tó ń jẹ́ Montague Cross-Country Challenge. Gíláídà ni ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ti gbé e sókè tán, ọwọ́ afẹ́fẹ́ ló kù sí. Èèyàn ló ń fi rìmóòtù darí gbogbo èyí tó wá síbẹ̀, àfi ọ̀kan. Orúkọ ìyẹn ni ALOFT. Kọ̀ǹpútà inú ikùn rẹ̀ ló ń wá afẹ́fẹ́ tó máa gbé e, òun náà ló ń pinnu ìgbà tó yẹ kó dúró yí po àti ìgbà tó yẹ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, ipò kẹta ló wà láàárín àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń sọ ìtàn yìí ni pé ẹ̀rọ ti fẹ́ẹ̀ gbapò lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ipò kẹta ṣì wà lẹ́yìn ẹni méjì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí ẹ̀rọ náà ti ta èèyàn yọ àti ibi tí èèyàn ti ta á yọ, nítorí ojú ló wà nídìí méjèèjì.

Bí ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì ṣe ń pẹ́ lókè

Oòrùn kì í mú gbogbo ilẹ̀ gbóná bákan náà. Ilẹ̀ gbígbẹ, àpáta, ojú títì àti pápá tí wọ́n ti kórè máa ń yára gbóná ju igbó tútù àti oko tí wọ́n bomi rin lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ibi gbígbóná náà á fúyẹ́, á já kúrò nílẹ̀, á sì máa gòkè ní òpó tí ojú kò lè rí. Atẹ́gùn agòkè ni màá máa pè é. Gíláídà fúnra rẹ̀ kò yéé rọ̀ sílẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni gíga rẹ̀ ń dín kù. Àmọ́ tó bá bọ́ sínú atẹ́gùn tó ń gòkè ju bí òun ṣe ń rọ̀ lọ, á máa ga sí i láìfi nǹkan kan ṣe agbára. Ohun tí àwòdì àti igún ń ṣe lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n na apá gbalaja, tí wọn ò fi lu afẹ́fẹ́ rárá, tí wọ́n ń yí po yí po títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lókè.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà kò ní jókòó sínú òpó kan ṣoṣo. Á ga níbẹ̀ dé ìwọ̀n tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá fi gíga yẹn ra ọ̀nà dé òpó mìíràn. Láàárín òpó sí òpó, afẹ́fẹ́ sábà máa ń rọ̀ wálẹ̀, nítorí ohun tó bá gòkè níbì kan gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré ti wọlé. Tí o bá rọra lọ nínú afẹ́fẹ́ tó ń rọ̀, á pẹ́ kó o tó jáde níbẹ̀, á sì gbé ọ wálẹ̀. Tí o bá sáré jù, eré náà fúnra rẹ̀ á jẹ gíga rẹ. Ìṣirò kan wà fún un tí wọ́n ń fi orúkọ Paul MacCready pè, ará Amẹ́ríkà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ìdíje gíláídà ńlá ní 1956. Ìṣirò náà sọ pé bí òpó tó o retí níwájú bá ṣe lágbára tó ni kó o ṣe sáré tó láti dé ibẹ̀.

Gbogbo èyí ni ẹni tó jókòó sínú gíláídà ńlá ń ṣe pẹ̀lú ara rẹ̀: ìdí rẹ̀ ń sọ fún un pé apá ọ̀tún ń gbé sókè, ojú rẹ̀ ń ka iye eré níwájú rẹ̀. Ẹni tó mú rìmóòtù dání nílẹ̀ kò ní ìkankan nínú wọn.

Àwọn ará ilẹ̀

Ilẹ̀ Montague bá irú eré yìí mu. Ó wà ní Siskiyou County, kò jìnnà sí ààlà Oregon, ó sì ga tó nǹkan bíi mítà 770 sí òkun. Àfonífojì tó wà níbẹ̀ gbẹ, ó sì ṣí sílẹ̀. Òkè Shasta, tó ga tó mítà 4,322, dúró sí gúúsù rẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, ọjọ́ gùn, oòrùn á sì ti mú ilẹ̀ dáadáa kí ọ̀sán tó pọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Gíláídà tí kò ju kílò 5 lọ ni. Àwọn ojú àmì wà tí ó gbọ́dọ̀ dé, máàkì sì dá lórí bó ṣe rìn jìnnà tó àti eré tó fi rìn ín. Níwọ̀n bí gíláídà ti ń lọ, ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a lọ nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pẹ́ tó fi máa pòórá mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, inú mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ṣí ni páílọ́ọ̀tì máa ń wà, tàbí ẹ̀yìn pick-up, ó gbójú sókè, rìmóòtù wà láyà rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń wa mọ́tò. Ẹlòmíràn ń wo máàpù, ó ń sọ pé títì yìí máa kọ sósì, ojú àmì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n sì sábà máa ń ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo gíláídà lọ, kó má bàa sọnù. Tí páílọ́ọ̀tì bá bojú wo rìmóòtù lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì gbójú sókè padà, ó lè máà rí i mọ́.

Ẹ̀rọ kan wà nínú gíláídà tí wọ́n ń pè ní vario. Ó ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń ga tàbí ó ń rọ̀, ó sì ń fi rédíò rán ohùn sílẹ̀. Tí ohùn náà bá ń dún lemọ́lemọ́, tó sì ń ròkè, ọkọ̀ wà nínú atẹ́gùn agòkè. Tó bá fà wuuu bọ̀ wálẹ̀, ó ti jáde. Etí ni páílọ́ọ̀tì fi ń mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe, ojú ló fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ kọ orí sí. Ó gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀ lórí mọ́tò tó ń kọ lù kòtò.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe le tó: ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ League of Silent Flight, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, tó ní ìpele márùn-ún fún àwọn tó ń fi rìmóòtù darí gíláídà. Lára ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gba ìpele karùn-ún ni kó rin kìlómítà 10 lọ sí ibi tó ti dárúkọ tẹ́lẹ̀, kó sì padà. Àwọn tó ń fi àtàárọ̀ dalẹ́ ṣe eré yìí ló ń pè é ní iṣẹ́ ńlá.

Ẹ̀rọ tó wá du ipò

Daniel Edwards ló kọ́ ALOFT, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Silverberg. Ara ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Gíláídà SBXC ni, tí ilé iṣẹ́ RnR Products ń ṣe, tí apá rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun tó mítà 4.3, irú èyí tí àwọn tó ń díje náà mọ̀ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àfiwé náà ní láárí. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó dára ju ti àwọn tó kù wá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá apá ọkọ̀ ló ṣiṣẹ́ tàbí ọpọlọ rẹ̀.

Kì í ṣe Edwards ló kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan báyìí. Ní 2005, Michael Allen ní ibùdó NASA tó ń jẹ́ Dryden nígbà náà, nínú aṣálẹ̀ California, ti fi irú gíláídà kan náà ṣe ìdánwò. Ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó sì lo atẹ́gùn agòkè 23. Ọ̀kan nínú wọn gbé e ga tó mítà 844. Ìyẹn fi hàn pé ohun tí àwòdì ń ṣe ṣeé kọ́ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ orí pápá tirẹ̀ ni ó ti ṣe é, kò sẹ́ni tó bá a du nǹkan kan. Mímú un lọ sáàárín àwọn tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n jọ fò nínú afẹ́fẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nìyẹn títí di Montague.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ borí ni kó má tan ara rẹ̀ jẹ. Gíláídà tó ń sáré lè gbé imú sókè, kó fi eré rẹ̀ ra gíga. Ẹ̀rọ tó ń wọn gíga á kígbe pé ọkọ̀ ti ń ga, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó gbé e. Owó tó kúrò ní àpò ọ̀tún tó bọ́ sí àpò òsì ni, ẹni tó ni ín kò tíì lówó ju ti àná lọ. Kí kọ̀ǹpútà tó gbà pé òun ti rí atẹ́gùn agòkè, ó gbọ́dọ̀ ro agbára tó wà nínú gíga àti agbára tó wà nínú eré pọ̀. Tí àpapọ̀ náà bá ń lé sí i, ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ fún un ní nǹkan lóòótọ́. Páílọ́ọ̀tì tó wà nílẹ̀ máa ń kó sínú ọ̀fìn yìí gan-an tí vario rẹ̀ kò bá ní àtúnṣe fún un: ó fa ọ̀pá rìmóòtù, ohùn ròkè, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú òfìfo.

Ìṣòro kejì ni pípẹ́. Ìṣirò agbára yìí máa ń kún fún ariwo, wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kó tó dá, sísẹ́ sì ń gba àkókò. Ẹ wò ó: ọkọ̀ tó ń rin mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 pẹ́, ibi tí nọ́ńbà náà ń sọ ti wà ní mítà 45 lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n degree 35 pẹ̀lú eré yẹn, láti àárín òbìrí tó ń yí dé etí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 33 lọ. Ìyẹn ni pé kí ìròyìn "ibí dára" tó dé, ọkọ̀ ti yí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin òbìrí náà kọjá ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá tẹ̀ lé ìròyìn náà bó ṣe wọlé á máa sá kúrò nínú ohun tó ń wá.

Àwọn tó ń wọ gíláídà ńlá ní òfin fún èyí. Helmut Reichmann, ará Jámánì tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 1970, 1974 àti 1978, wà lára àwọn tó kọ́ni ní i: bí gíga bá ń dáa sí i, tú òbìrí rẹ sílẹ̀ díẹ̀, bó bá ń burú sí i, fún un pọ̀. Ọkọ̀ á máa fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ àárín òpó. ALOFT lè ṣe ju ìyẹn lọ, torí kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Ó ń tọ́jú ibi tó ti kọjá àti ohun tí afẹ́fẹ́ fún un níbẹ̀, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ṣírò ibi tó yẹ kí àárín òpó wà, kó lè lọ yí po níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ á máa gbé òpó náà lọ pẹ̀lú rẹ̀, ìṣirò sì lè bá a lọ. Wọ́n tún fún un ní ìṣirò eré fún àárín òpó sí òpó, GPS sì ń fi ojú àmì hàn án. Pé kọ̀ǹpútà ń darí kò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún orí rẹ̀ o. Èèyàn kan wà pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́ tó lè gba ọkọ̀ náà padà tí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́.

Ohun tí ojú lè rí

Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Òótọ́ ni, àmọ́ báwo ni ará ilẹ̀ ṣe ń rí i sí?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Apá tó gùn tó mítà 4.3, tí a bá wò ó láti mítà 600 nísàlẹ̀, fẹ̀ tó nǹkan bíi degree 0.4 lójú wa. Òṣùpá fẹ̀ tó ìdajì degree. Nítorí náà ọkọ̀ náà ṣì gùn lójú tó bí òṣùpá ṣe fẹ̀ tó, kò ku nǹkan púpọ̀. Àmọ́ láti iwájú apá dé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní mítà 600, fífẹ̀ yẹn ti sún mọ́ ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ojú tó dá ṣáká lè yà sọ́tọ̀. Ní mítà 1,000, ó ti kọjá rẹ̀. Ohun tí páílọ́ọ̀tì ń rí nígbà náà ni ìlà tín-ín-rín kan, tó ń hàn tó bá fì, tó sì ń pòórá tó bá tẹ́jú sí i. Ṣé ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ? Ṣé ọ̀tún ló fì sí tàbí òsì? Ìgbà tí oòrùn bá kọ mànà lára rẹ̀ ló tó máa mọ̀. Ẹni tó bá ti ṣi ọ̀tún mú fún òsì níbi gíga bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí: ọkọ̀ á dorí kodò, eré á ga, tí orí kò bá bá a ṣe é, apá á já.

Wàyí o, ní irú gíga yẹn, sọ fún páílọ́ọ̀tì kó wá àárín òpó tó ti tẹ̀ síbì kan nítorí afẹ́fẹ́. Kò lè rí òbìrí rẹ̀ dáadáa. Láti ìsàlẹ̀, òbìrí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán iwájú dà bí ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀. Mọ́tò tí páílọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀ tún ń rìn, ó ń kọ, nítorí náà ohun tó dà bíi pé ọkọ̀ sún sósì lè jẹ́ pé títì ló kọ sọ́tùn-ún. Ó ń fojú díwọ̀n eré. Ó ń fojú díwọ̀n ọ̀nà tó tọ́ lọ sí ojú àmì, bẹ́ẹ̀ igun tó ti ń wò ó kì í jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti yà. Gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ALOFT ní tààràtà. Bó bá wà ní mítà 200 tàbí 1,000, òbìrí rẹ̀ kò yí padà lójú rẹ̀, torí kò fi ojú wò ó.

Ohun tí Edwards àti Silverberg sì gbé jáde nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn ìdíje náà, ní 2010, nìyẹn. Wọ́n ní ALOFT ta àwọn ọkọ̀ tí èèyàn darí yọ níbi mẹ́ta. Ó mọ àárín òpó wá, ó sì mọ̀ ọ́n lò ju tiwọn lọ, pàápàá níbi gíga àti nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Eré tó ń sá sún mọ́ èyí tí ìṣirò fẹ́ ju tiwọn lọ. Ó sì ń gba ọ̀nà tààrà láti ojú àmì kan dé òmíràn. Ẹ ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi hàn pé kọ̀ǹpútà gbọ́n ju páílọ́ọ̀tì lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibi tí kọ̀ǹpútà jókòó sí sàn ju ibi tí páílọ́ọ̀tì jókòó sí. Ẹ gbé páílọ́ọ̀tì kan náà sínú gíláídà ńlá, kó máa ka eré níwájú rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ máa gbọ́ afẹ́fẹ́, púpọ̀ nínú àléébù yẹn á kúrò.

Nípa ti afẹ́fẹ́, àwòdì tó ń re Ìbarà ní iṣẹ́ kúkú yá nígbà tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́. Ó dáa fún un, Ìbarà náà ló ń lọ. Nínú ìdíje tí ojú àmì wà káàkiri, afẹ́fẹ́ tó tì ọ́ lẹ́yìn lọ ni yóò dojú kọ ọ́ bọ̀, gbogbo ìgbà tó o bá fi yí po nínú òpó tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń gbé ọ jìnnà sí ibi tó ò ń padà sí. Ibi tí ìṣirò ti wúlò ju ìgboyà lọ nìyẹn.

Kí ló dé tí kò wá gba ipò kìíní? Bí mo ṣe rí i, ohun tí ALOFT kò ní ló gbé e sẹ́yìn. Kò lè mọ̀ pé atẹ́gùn agòkè wà níbì kan àfi tí ara rẹ̀ bá kàn án. Ọ̀nà rẹ̀ láti ojú àmì dé ojú àmì tọ́, àmọ́ tí òpó tó lágbára bá wà ní mítà 150 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á kọjá lára rẹ̀ láì mọ̀. Páílọ́ọ̀tì tó wà nínú mọ́tò kò ní kọjá. Á rí igún tó ń yí po lọ́ọ̀ọ́kán. Á rí àwọsánmà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tó jẹ́ orí òpó. Á rí eruku tó gbéra nílẹ̀. Á rí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí omi wà, á sì mọ ibi tó yẹ kí òpó ti já. Tó bá ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, tí òpó ṣì kéré tó sì fọ́n ká, ọkọ̀ náà wà nítòsí tó lè rí bí apá kan ṣe gbé sókè fìrí, á sì kọ síbẹ̀ kíá. Ojú tó jẹ́ àléébù rẹ̀ ní mítà 1,000 ni ohun èlò tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ní mítà 100.

Nítorí náà n kò gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní ipò kẹta yẹn jẹ́ ìwọ̀n "ọgbọ́n ẹ̀rọ". Máàkì ìdíje da iṣẹ́ méjì pọ̀: wíwá òpó àti lílo òpó. ALOFT fi èkejì san gbèsè àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn Montague

Edwards bá iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Ní 2009, gíláídà SBXC tí wọ́n fi ìṣirò yìí sí lo wákàtí 5.3 lókè, ó rin kìlómítà 113, kò sì ní ẹ́ńjìnnì kankan. Fún gíláídà tí èèyàn lè gbé léjìká, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí nìyẹn láìjẹ bátìrì ju èyí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lò. Ìdí tí ọmọ ogun fi nífẹ̀ẹ́ sí i kò ṣòroó mọ̀: ohun tó dákẹ́, tó ń pẹ́ lókè, tí kò gbé epo.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní California, tí Gautam Reddy àti Massimo Vergassola wà lára wọn, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, nípa gíláídà tí apá rẹ̀ tó mítà 2 tí wọ́n jẹ́ kó fi ìrírí ara rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń lo atẹ́gùn agòkè, dípò kí èèyàn kọ òfin fún un. Ilé iṣẹ́ Microsoft náà ní àwọn olùwádìí tó gbé gíláídà lọ sí aṣálẹ̀ Nevada. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà lórí lílo òpó nígbà tí a bá ti kàn án. Ti rírí i láti òkèèrè, bí igún ṣe ń wo igún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló ṣì le.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀, nǹkan ti rọrùn. ArduPilot, tó jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún autopilot, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ti ní ètò fún atẹ́gùn agòkè nínú báyìí. Wọ́n á yí ètò inú rẹ̀ tó ń jẹ́ SOAR_ENABLE sí 1, wọ́n á sọ gíga tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù fún un, gíláídà fóòmù tí kò wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òpó fúnra rẹ̀.

Gíga tó pọ̀ jù yẹn ni wàhálà tó kù. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 sọ pé ẹni tó ń fò fún ìgbádùn kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 400 sílẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 122, níbi tí ilé iṣẹ́ aláṣẹ òfurufú kò ti ń darí ọkọ̀, àyàfi tí pápá wọn bá gba àyè ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú á ti máa rí i. Ní mítà 122, páílọ́ọ̀tì ń rí gbogbo apá gíláídà rẹ̀ kedere, ó ń rí bó ṣe ń fì. Ibẹ̀ ni kò ti nílò kọ̀ǹpútà. Ibi tí ALOFT ti fi ọ̀nà han àwọn àgbà wà lókè ibẹ̀ dáadáa.